Nav, ul àbí ìpínrọ̀ lásán? Àgbéyẹ̀wò bí a ṣe ń sàmì sí líǹkì ìtọ́sọ́nà ojúewé

Kò sí ìkànnì tí ẹ máa ṣí tí ẹ kò ní í bá ọ̀wọ́ líǹkì kan lókè rẹ̀: Ojúewé Àkọ́kọ́, Ìròyìn, Eré Ìdárayá, Nípa Wa, Ẹ Kàn sí Wa. Ẹni tó ríran kò ní í ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun ti lè yà síbòmíràn. Ẹni tó kọ ojúewé náà ló ní iṣẹ́ láti ṣe, torí ó gbọ́dọ̀ sọ irú nǹkan tí ọ̀wọ́ líǹkì yẹn jẹ́ fún aṣàwákiri. Ṣé ìpínrọ̀ ni? Ṣé àtẹ ni? Ṣé àtòjọ ni? Àbí ó ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀? Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí àwọn tó ń fi HTML jẹun ti ń jiyàn lórí ìbéèrè yìí, ìdáhùn tó sì borí lónìí ni pé kí a fi àtòjọ ul sínú nav, kí ọ̀rọ̀ tán. Èmi náà fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá wo iṣẹ́ tó wà níta, ó dá mi lójú pé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kọ́ ló ń ni àwọn èèyàn lára jù.

Ní 1991, Tim Berners-Lee tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ńlá tó wà lẹ́bàá Geneva, kọ ìwé ṣókí kan tó to àwọn àmì HTML àkọ́kọ́. Àmì a, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di líǹkì, wà níbẹ̀. Àtòjọ ul náà wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àmì kan tó ń jẹ́ menu wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun àti èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ dir. Àtòjọ kúkúrú, tí nǹkan kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kì í sábà ju ìlà kan lọ, ni wọ́n ṣe menu fún. Àwọn méjèèjì ṣì wà nílé nígbà tí HTML 2.0 jáde ní Oṣù Kọkànlá 1995. Àmọ́ nígbà tí HTML 4.0 dé ní Oṣù Kejìlá 1997, W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin HTML nígbà náà, ní kí a pa wọ́n tì, kí a máa lo ul. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé bí aṣàwákiri ṣe ń fi ul han èèyàn gẹ́lẹ́ ló ń fi menu àti dir hàn.

Ìdí yẹn kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. HTML wà láti sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Ìrísí ni wọ́n sì fi dá ẹjọ́ menu. Bí wọ́n bá ní sùúrù díẹ̀ ni, bóyá àríyànjiyàn tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má wáyé. Menu padà wá nígbà HTML5, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: àwọn bọ́tìnì àṣẹ bíi gé, dà á kọ, fi pamọ́. Dir kò padà mọ́.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tó ń ṣe ìkànnì kò bìkítà nípa orúkọ rárá. Àtẹ ló jọba. Wọ́n á ya mẹ́nù sínú àwòrán, wọ́n á gé àwòrán náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á to wọ́n sínú yàrá àtẹ, wọ́n á tún fi àwòrán tí kò ní àwọ̀ dí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Ó máa ń dán lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi ọ̀rọ̀ alt sára àwòrán wọ̀nyẹn, orúkọ fáìlì ni afọ́jú máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ akàwé tó ń ka ojúewé sókè fún un, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, láìmọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn ń lọ.

Àwọn tí kò fẹ́ lo àwòrán ń kọ líǹkì wọn sínú ìpínrọ̀, wọ́n á wá fa igi dúdú sí àárín wọn: Ìròyìn | Eré | Nípa Wa. Òfin kan wà lẹ́yìn igi yẹn. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Karùn-ún 1999 ni W3C gbé WCAG 1.0 jáde, ìwé ìlànà fún ìkànnì tí aláàbọ̀ ara lè lò. Ìlànà kan nínú rẹ̀ ní kí a fi àmì tí kì í ṣe líǹkì sáàárín líǹkì méjì tó bá fara kan ara wọn, títí ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ máa lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà lè pa líǹkì mẹ́ta tó wà lórí ìlà kan pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ̀rọ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, àmọ́ igi dúdú náà ṣì wà níta, tí ẹ̀rọ akàwé mìíràn á sì máa kà á sókè láàárín líǹkì kọ̀ọ̀kan títí á fi sú èèyàn. Nínú WCAG 1.0 yìí kan náà ni wọ́n ti ní kí a kó líǹkì tó bá jọra pọ̀, kí a sọ wọ́n lórúkọ, kí a sì wá ọ̀nà tí èèyàn máa fi fò wọ́n kọjá. Àmì map, tí a mọ̀ mọ́ àwòrán alálíǹkì, ni wọ́n dábàá pé ká fi kó wọn pọ̀. Ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́, àwọn tó sì gbọ́ kò pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó dára lórí ìwé: kí a má kọ líǹkì ìtọ́sọ́nà sójú ewé rárá, kí a fi àmì link kọ ọ́ sórí fáìlì, níbi tí òǹkàwé kò ti ní í rí i, kí aṣàwákiri fúnra rẹ̀ wá fi bọ́tìnì hàn fún ojúewé tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e, àti àkóónú. Opera ṣe é. Mozilla ṣe é. Òǹkàwé kò rí i lò, torí ìkànnì tó kọ ọ́ kò pọ̀, ìkànnì kò sì kọ ọ́ torí òǹkàwé kò rí i lò. Google náà kéde ní Oṣù Kẹta 2019 pé ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn ò ti lo rel next àti prev mọ́ láti fi ṣètò ojúewé tó tẹ̀ léra. Ẹ lè fi sílẹ̀ bó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àtòjọ gba ipò lọ́wọ́ àtẹ ní 2002. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Mark Newhouse kọ àpilẹ̀kọ kan sínú A List Apart, tó fi hàn bí a ṣe lè fi CSS sọ ul di mẹ́nù tó nà gbọọrọ, tí kò ní àmì dúdú níwájú, tí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó kò ní í mọ̀ pé àtòjọ ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Patrick Griffiths àti Dan Webb fi irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ ṣe mẹ́nù tó ń já sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan náà. Nígbà tí ìwé Dan Cederholm lórí òṣùwọ̀n ìkànnì máa jáde ní 2004, ọ̀rọ̀ náà ti di àṣà: mẹ́nù jẹ́ àtòjọ líǹkì, nítorí náà ul ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀nà, àmọ́ ó sábà máa ń dúró síbẹ̀, bí ẹni pé bó ṣe jẹ́ àtòjọ lójú wa ti tó. Kò tó. Nǹkan púpọ̀ ni a lè pè ní àtòjọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ yìí jẹ́ àtòjọ ọ̀rọ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe awuyewuye. Èrè tí òǹkàwé máa jẹ níbẹ̀ ni kí a wò, èrè náà sì wà. Bí CSS kò bá wọlé, bóyá torí íntánẹ́ẹ̀tì já láàárín, mẹ́nù onítòjọ á ṣì tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí líǹkì tó wà nínú span tàbí ìpínrọ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn. Fún ẹni tó ń fi etí ka ìwé, èrè náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màá dé orí rẹ̀.

Nígbà tí ul ń gbilẹ̀ yìí, àwọn kan ní W3C fẹ́ fún àtòjọ ìtọ́sọ́nà ní àmì tirẹ̀. Nínú XHTML 2.0, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Oṣù Kẹjọ 2002, àmì kan wà tó ń jẹ́ nl, tó ní ààyè fún orúkọ àtòjọ nínú. Èmi fẹ́ràn nl. Àmọ́ XHTML 2.0 kò bá ojúewé tó ti wà tẹ́lẹ̀ mu, àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri kò dá a lóhùn, W3C sì jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 2009.

Ohun tó yè ni nav. Ian Hickson, tó ń ṣe olóòtú HTML5, wo ojúewé tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù kan ní Google ní 2005, ó sì ka irú orúkọ tí àwọn èèyàn ń fún ìsọ̀rí inú ojúewé wọn. Footer, menu, content, header àti nav wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé àwọn oníṣẹ́ ti ń pe nǹkan náà lórúkọ kí òfin tó fún un lórúkọ. HTML5 di òfin W3C ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹwàá 2014, nav sì wà nínú rẹ̀. Ní Oṣù Kẹta ọdún kan náà ni WAI-ARIA 1.0 ti jáde, èyí tó fún ẹ̀rọ akàwé ní orúkọ àwọn agbègbè ojúewé, ìtọ́sọ́nà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nav ń jẹ́ orúkọ yẹn láìjẹ́ pé ẹ tún fi role kankan sí i.

Ẹ wo bí ó ṣe rí nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa:

<nav aria-label="Gbogboògbò">
  <ul>
    <li><a href="/" aria-current="page">Ojúewé Àkọ́kọ́</a></li>
    <li><a href="/iroyin">Ìròyìn</a></li>
    <li><a href="/ere-idaraya">Eré Ìdárayá</a></li>
    <li><a href="/nipa-wa">Nípa Wa</a></li>
    <li><a href="/kan-si-wa">Ẹ Kàn sí Wa</a></li>
  </ul>
</nav>

Afọ́jú tó ń lo NVDA, ẹ̀rọ akàwé ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2006, lè tẹ lẹ́tà D kó fò tààrà sí agbègbè yìí láti ibikíbi lójú ewé. NVDA á sọ orúkọ agbègbè náà, Gbogboògbò, á sì sọ pé ìtọ́sọ́nà ni. Á ní àtòjọ nǹkan márùn-ún ló wà níbẹ̀. Á wá ka líǹkì àkọ́kọ́, á sì fi kún un pé ojúewé tí èèyàn wà báyìí nìyẹn. Bí ẹni náà kò bá nílò mẹ́nù, á tẹ kọ́mà lẹ́ẹ̀kan, á ti jáde sí òpin àtòjọ. Bí a bá yọ ul kúrò, iye náà lọ, kọ́mà náà kò sì ríbi fò mọ́. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ul nìyẹn: èèyàn ti mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó kó tó gbé ẹsẹ̀. Ti aria-current náà ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un lọ. ARIA 1.1 ló mú un dé ní Oṣù Kejìlá 2017. Kó tó dé, àwọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń sọ fún èèyàn ibi tó wà, àwọ̀ kò sì ní ohùn.

Wọ́n ti ta ko àtòjọ o. Ní 2013, Chris Coyier tó dá CSS-Tricks sílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta pé bóyá ká yọ ul kúrò nínú mẹ́nù, kí líǹkì dúró nínú nav fúnra wọn. Ohun tó ń dun àwọn tó ta ko àtòjọ ni ariwo: tí àtòjọ bá wà nínú àtòjọ tó wà nínú àtòjọ, ẹ̀rọ akàwé á máa kéde ìwọlé àti ìjáde títí ọ̀rọ̀ gidi á fi sọnù. Ẹ̀sùn yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ NVDA àti JAWS, tí òun náà jẹ́ ẹ̀rọ akàwé, fún olùlò láyè láti dín ìkéde kù bó bá ṣe wù ú. Ẹni tí ariwo ń dà láàmú lè pa á, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ iye kò lè dá ohun tí wọn kò kọ padà. Bí mẹ́nù bá jinlẹ̀ tó ìpele mẹ́ta, mẹ́nù náà gan-an ló yẹ ká gé kù.

Safari dáhùn ẹ̀sùn yìí lọ́nà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi CSS yọ àmì iwájú àtòjọ kúrò, VoiceOver, ẹ̀rọ akàwé tó ń bá Safari ṣiṣẹ́, kì í pè é ní àtòjọ mọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe Safari ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí àwọn oníṣẹ́ ti sọ ohun gbogbo di àtòjọ. Wọ́n yọ àtòjọ tó wà nínú nav sílẹ̀, ìyẹn ń jẹ́ ohun tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ul àti nav ṣe ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

Nav náà kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Òfin HTML fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀wọ́ líǹkì ló nílò nav, ó sì dárúkọ àwọn líǹkì kéékèèké ìsàlẹ̀ ojúewé, irú èyí tó ń lọ sí ìlànà ìlò àti ẹ̀tọ́ oníwèé: footer nìkan ti tó wọn. Ojúewé tó ní nav mẹ́jọ dà bí ọjà tí gbogbo ìsọ̀ gbé pátákó kan náà kọ́. Ẹni tó bá wọlé kò mọ èwo ni kóun yà sí. Bí ó bá ju ọ̀kan lọ, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aria-label tirẹ̀, kí ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà sínú orúkọ náà, torí ẹ̀rọ akàwé á tún un sọ fúnra rẹ̀. Bí ìkànnì yín bá jẹ́ ti Yorùbá, Yorùbá ni kí orúkọ wọ̀nyí jẹ́, kí lang="yo" sì wà lórí àmì html. Mo ti rí ojúewé tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí lang rẹ̀ sì ń sọ fún ayé pé Gẹ̀ẹ́sì ni.

Mẹ́nù òkè ojúewé nìkan kọ́ ni líǹkì ìtọ́sọ́nà. Èyí tó ń fi ipò hàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi Ìròyìn, lẹ́yìn náà Ọ̀rọ̀ Ajé, lẹ́yìn náà Iye Owó Epo, ní ìtò tí kò gbọ́dọ̀ yí padà, nítorí náà ol, àtòjọ tó ní nọ́ńbà, ló bá a mu, òun náà sì ni ìwé àpẹẹrẹ ARIA lò. Ẹ fi CSS ya ọfà àárín wọn, ẹ má kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀. Àkóónú ìwé gígùn, ol ni. Nọ́ńbà ojúewé àbájáde ìṣàwárí, ul tàbí ol, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ṣe kókó níbẹ̀ ni pé kí líǹkì má kan jẹ́ "2" lásán létí èèyàn, kó jẹ́ "Ojúewé 2". Líǹkì méjì tó ń lọ síwájú àti sẹ́yìn kò nílò àtòjọ kankan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi gbólóhùn gidi tọ́ òǹkàwé sọ́nà, ìpínrọ̀ ni kí ẹ lò. Òfin HTML ní àpẹẹrẹ nav tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú líǹkì nínú rẹ̀, àwọn tó ń fi ul gún ara wọn lójú kì í sì í rántí ìyẹn.

Èyí tí mi ò lè fojú fò ni role="menu". Ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ń ran afọ́jú lọ́wọ́, torí mẹ́nù lòun náà ń pè é. Àmọ́ nínú ARIA, menu jẹ́ irú èyí tó wà nínú áàpù kọ̀ǹpútà, tí a ń fi bọ́tìnì ọfà rìn nínú rẹ̀, tí Tab sì ń gbé èèyàn jáde kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ role yẹn láìkọ iṣẹ́ bọ́tìnì ọfà, ẹ̀rọ akàwé á ṣèlérí ohun tí ojúewé yín kò lè ṣe, olùlò á sì há sáàárín. Fún mẹ́nù tó ń já sílẹ̀, bọ́tìnì tó ní aria-expanded ti tó, pẹ̀lú ul lásán lábẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo èyí tí mo sọ kéré sí ohun kan. Nínú ìwádìí tí ẹgbẹ́ WebAIM tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah máa ń ṣe láàárín àwọn tó ń lo ẹ̀rọ akàwé, àkọ́lé ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń fi wá ọ̀rọ̀ lójú ewé gígùn; àwọn tó ń kọ́kọ́ lo agbègbè bíi nav kò tó nǹkan. Ẹni tó pàdánù ul pàdánù ìrọ̀rùn. Ẹni tó pàdánù líǹkì pàdánù ojúewé. Líǹkì gan-an ló sì ń sọnù báyìí: div tí wọ́n fi JavaScript sọ di ohun tí a ń tẹ̀, span tó ní onclick, a tí kò ní href tàbí tí href rẹ̀ jẹ́ # lásán. Tab kò ní í dúró lórí div. Ẹ̀rọ akàwé kò ní í pè é ní líǹkì. Ẹ kò lè ṣí i sójú ewé tuntun, ẹ kò lè da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹni tó wà lórí fóònù pẹ̀lú dátà tó ń fà, tí JavaScript kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán, á máa tẹ mẹ́nù títí, kò ní í lọ síbì kankan. A tó ní href kò nílò JavaScript láti ṣiṣẹ́, kò nílò ARIA, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1991.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìkànnì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé máúsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa tẹ Tab láti òkè ojúewé yín wá. Bí ohun kan bá wà nínú mẹ́nù tí Tab kò dúró lé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni bóyá ul ló dáa.